Bí A Ṣe Ń Jí Ráútà Tí Ó Dákẹ́ Lẹ́nu Ìpààrọ̀ Firmware

Ìbéèrè: Ṣàlàyé bí ènìyàn ṣe lè jí ráútà ilé tí ó dákẹ́ nígbà tí a ń fi firmware tuntun sí i.

Àròkọ ajẹmọ́-ìsípayá ni èyí, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní àròkọ aṣàlàyé. Ohun tí olùdánwò ń wá nínú rẹ̀ ni pé kí ẹni tí kò ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí lè ka ohun tí o kọ, kí ó dìde, kí ó sì ṣe é láìbi ẹnikẹ́ni léèrè. Nítorí náà, má ṣe fi òwe mẹ́ta bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ bí ẹni tí ó fẹ́ pa àlọ́ ìjàpá. Sọ ohun tí nǹkan náà jẹ́, sọ ohun tí ó ṣe é, kí o sì wá tẹ̀ lé iṣẹ́ náà bí ó ti ń lọ gan-an. Àpẹẹrẹ tí mo kọ nìyí. Mo yan orí-ọ̀rọ̀ náà nítorí pé mo ti rí ilé tí wọ́n ti sọ irú ẹ̀rọ yìí sí ààtàn nígbà tí ẹ̀mí ṣì wà nínú rẹ̀.

Ráútà ni àpótí kékeré tí ó máa ń gba íntánẹ́ẹ̀tì láti ìta, tí ó sì ń pín in kiri inú ilé fún fóònù, kọ̀ǹpútà àti tẹlifíṣọ̀n. Òmíràn ń gbà á láti ara wáyà, òmíràn láti ara káàdì SIM, òmíràn láti ara àwo tí a gbé sórí òrùlé, irú èyí tí Starlink bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà ní ọdún 2023. Àpótí náà kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ni òun náà. Ó ní ọpọlọ, ó ní ibi ìpamọ́, ó sì ní àwọn àṣẹ tí a kọ sínú rẹ̀ tí ó ń tẹ̀ lé. Àkójọ àwọn àṣẹ yìí ni a ń pè ní firmware. Ráútà tí kò ní firmware dà bí ilé-ẹ̀kọ́ tí kò ní olùkọ́: yàrá wà, àga wà, pátákó wà, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀kọ́.

Àwọn tí ó ń ṣe ráútà a máa gbé firmware tuntun jáde láti ìgbà dé ìgbà kí wọ́n lè dí ihò tí olè lè gbà wọlé. Má ṣe fojú kékeré wo ọ̀rọ̀ olè yìí. Ní òpin oṣù Kọkànlá ọdún 2016, àwọn kan gbìyànjú láti gba àkóso ráútà lọ́wọ́ àwọn oníbàárà Deutsche Telekom ní ilẹ̀ Jámánì, íntánẹ́ẹ̀tì sì dàrú mọ́ nǹkan bíi 900,000 nínú wọn lọ́wọ́. Ohun tí a ní kí wọ́n ṣe ni pé kí wọ́n pa ráútà, kí wọ́n tún un tàn, kí ó lè gba firmware tuntun. Ó dára, nígbà náà, kí a máa pààrọ̀ firmware. Ṣùgbọ́n àkókò ìpààrọ̀ yẹn gan-an ni ewu wà, nítorí pé ọ̀pọ̀ ráútà ní láti pa àṣẹ àtijọ́ rẹ́ kí wọ́n tó kọ tuntun. Bí iná bá lọ láàárín méjèèjì, a jẹ́ pé àtijọ́ ti lọ, tuntun kò sì tíì dé.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó ṣẹlẹ̀ sí wa ní Ọ̀tan-Ilé níhìn-ín. Ọmọbìnrin kan ní àdúgbò wa, tí ó ti yege nínú ìdánwò ìwé mẹ́wàá, ń lo íntánẹ́ẹ̀tì ilé mi láti fi orúkọ sílẹ̀ fún àyẹ̀wò ìgbàwọlé sí fásitì. Ọ̀gànjọ́ òru ọjọ́ náà ni ìforúkọsílẹ̀ yóò parí. Ó ti gbìyànjú rẹ̀ lórí fóònù, ṣùgbọ́n nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù kò lágbára nínú ilé wa. Bí ó bá ti dé ibi tí a ti ń fi àwòrán sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ a dúró gbagidi. Ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, mo rí i lójú kọ̀ǹpútà pé ráútà wa ní firmware tuntun. Mo rò pé bóyá yóò mú un yára sí i. Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́, kì í ṣe ẹlòmíràn. Ìṣẹ́jú méjì kò pé tí iná lọ. Nígbà tí iná dé, gílóòbù kékeré kan ń ṣẹ́jú lójú ráútà, kò sí wáìfáì, kò sí ohunkóhun. Mo fi fóònù pe ẹnì kan tí ó ń tún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣe ní Òṣogbo. Ó ní ó ti kú, kí n lọ ra òmíràn. Ọmọ yìí ni ó sọ pé, “Bàbá Tíṣà, ẹ má tíì jù ú nù. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ó kù nínú rẹ̀.”

Ọ̀rọ̀ gidi ni ó sọ, nítorí pé kì í ṣe ojú kan ni a kó gbogbo àṣẹ ráútà sí. Ibi ìpamọ́ inú rẹ̀ pín sí yàrá yàrá. Nínú yàrá àkọ́kọ́, tí ó kéré gan-an, ni ètò kan wà tí a ń pè ní bootloader. Òun ni ó máa ń kọ́kọ́ jí bí iná bá ti wọ inú ẹ̀rọ. Ronú nípa ajísààrì nínú oṣù Ràmàdáánì. Òun kọ́ ni ó ń se oúnjẹ sààrì, òun kọ́ ni ó sì ń bá ẹnikẹ́ni gbààwẹ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ kò ju kí ó jí àwọn tí yóò ṣe é. Bootloader ni ajísààrì yìí. Firmware, tí ó wà nínú yàrá ńlá, ni alásè. Nígbà tí a bá ń pààrọ̀ firmware, yàrá ńlá ni a ń tú. Lọ́pọ̀ ìgbà, a kì í fọwọ́ kan yàrá ajísààrì rárá. Bí iná bá wá lọ, ajísààrì yóò ṣì jí lẹ́yìn èyí, yóò kan ilẹ̀kùn, kò ní gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni, yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyí tí gílóòbù fi ń ṣẹ́jú láìdúró. Àwọn tí ó ṣe ẹ̀rọ sì ti kọ́ ọ̀pọ̀ bootloader ní ohun kan sí i: bí a bá pè é lọ́nà tí ó yẹ, ó lè gba firmware tuntun láti inú wáyà, kí ó sì tò ó sínú yàrá ńlá fúnra rẹ̀.

Kí o tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, rí i dájú pé àìsàn tí o fẹ́ wò ni ó ń ṣe é. Mo mọ àwọn tí ó yọ iná ráútà lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ta pé ó ti pẹ́ jù, nígbà tí ó ṣì ń kọ àṣẹ tuntun lọ́wọ́. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n pa á. Fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí gílóòbù kankan kò bá tàn rárá, ẹ̀sùn náà lè jẹ́ ti ṣájà rẹ̀, nítorí pé iná tí ó lọ tí ó sì dé lójijì a máa ba ṣájà jẹ́. Wá òmíràn tí fóòtì rẹ̀ bá èyí tí a kọ sí abẹ́ ráútà mu, kí o fi dán an wò. Bí wáìfáì bá ṣì wà ṣùgbọ́n tí kò gba ọ̀rọ̀ aṣínà, fi abẹ́rẹ́ tẹ ihò kékeré tí a kọ Reset sí fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá nígbà tí iná wà lára rẹ̀. Ó lè jẹ́ ètò inú rẹ̀ nìkan ni ó dàrú.

Ráútà onísíìmù tí ilé-iṣẹ́ fóònù tà fún ọ jẹ́ ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a ti tì mọ́ ilé-iṣẹ́ tí ó tà á, a kì í sì í gbé firmware wọn síta fún gbogbo ènìyàn. Má ṣe wá fáìlì fún un níbikíbi tí o bá ti rí i. Gbé e padà lọ sí ọ́fíìsì wọn.

Ó ku èyí tí ó ti kú ní tòótọ́, níbi tí yàrá ajísààrì gan-an ti bàjẹ́. A lè wọ inú òmíràn nínú wọn nípa títú àpótí, kí a sì so wáyà tín-ín-rín mọ́ pátákó inú rẹ̀, ṣùgbọ́n fóòtì 3.3 ni ọ̀pọ̀ ojú ibẹ̀ ń fẹ́. Ẹni tí ó bá fi 5 tàbí 12 sí i yóò jó o. Fi èyí sílẹ̀ fún oníṣẹ́. Nígbà mìíràn, kò sí ohun tí oníṣẹ́ pàápàá lè ṣe. Láàárín ọjọ́ 25 sí ọjọ́ 27 oṣù Kẹwàá ọdún 2023, ráútà tí ó lé ní 600,000 ni ó kú lọ́wọ́ àwọn oníbàárà ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ní Amẹ́ríkà nígbà tí àwọn aṣebi fi ètò burúkú ránṣẹ́ sínú wọn. Ńṣe ni wọ́n ní láti fi tuntun rọ́pò wọn.

Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Gílóòbù rẹ̀ ń ṣẹ́jú, nítorí náà a bẹ̀rẹ̀.

Fáìlì ni ohun àkọ́kọ́ tí a wá. Dojú ráútà dé, kí o ka ohun tí ó wà lára ìwé tí a lẹ̀ mọ́ abẹ́ rẹ̀. Orúkọ ẹ̀rọ náà nìkan kò tó. Ó ní nọ́ńbà ẹ̀dà pẹ̀lú, irú bíi V1, V2 tàbí V3. Ẹ̀dà kejì àti ẹ̀dà kẹta lè jọ ara wọn bí ìbejì lójú, kí inú wọn sì yàtọ̀ pátápátá. Firmware ọ̀kan nínú èkejì lè pa ajísààrì tí a gbójú lé. Ìkànnì ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe ẹ̀rọ náà nìkan ni kí o ti gba fáìlì. Ó sábà máa ń wà nínú àpò zip. Tú àpò náà, kí o mú fáìlì inú rẹ̀, èyí tí orúkọ rẹ̀ sábà máa ń parí sí.bin. Ọmọ náà gbé fóònù lọ sórí òkè tí ó wà lẹ́yìn ilé wa, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti mọ́lẹ̀ díẹ̀, ó sì gba tiwa wá. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó aago méje kí ó tó padà.

Lẹ́yìn náà ni wáyà. Wáìfáì kò wúlò fún iṣẹ́ yìí, nítorí pé firmware tí ó kú ni ó ń dá wáìfáì. Fi wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì so kọ̀ǹpútà mọ́ ọ̀kan nínú ojú ihò tí a kọ LAN sí. Má ṣe fi sí ojú tí a kọ WAN sí, ojú ìta nìyẹn. Pa wáìfáì ara kọ̀ǹpútà pẹ̀lú, kí ó má baà wá ọ̀nà ibòmíràn lọ.

Àdírẹ́sì ni ó sábà máa ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn rú, nítorí náà màá dúró díẹ̀ níbẹ̀. Ní ọjọ́ gbogbo, ráútà ni ó ń fún kọ̀ǹpútà ní nọ́ńbà tí a ó fi dá a mọ̀. Nísinsìnyí, kò sí ẹni tí yóò fún un. Ìwọ fúnra rẹ ni o ní láti kọ ọ́ sí i. Ìwọ tí ò ń múra ìdánwò mọ bí nọ́ńbà WAEC ṣe rí: méje àkọ́kọ́ jẹ́ ti ibùdó ìdánwò, mẹ́ta ìkẹyìn jẹ́ ti ẹni tí ó ń ṣe ìdánwò. Gbogbo ẹni tí ó wà ní ibùdó kan náà ni ó ní méje àkọ́kọ́ kan náà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni méjì tí ó ní mẹ́ta ìkẹyìn kan náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni àdírẹ́sì. Bí ráútà bá ń jẹ́ 192.168.1.1, kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ jẹ́ 192.168.1 ní ìbẹ̀rẹ̀, kí ìparí rẹ̀ sì yàtọ̀. Fún ráútà ASUS, 192.168.1.10 ni a sábà máa ń lò, pẹ̀lú 255.255.255.0 ní ojú ibi tí a kọ subnet mask sí. Fún ọ̀pọ̀ TP-Link, 192.168.0.66 ni. Bí o bá ń kọ irú àròkọ yìí nínú ìdánwò, kọ nọ́ńbà náà pé. Ẹni tí ó bá kọ pé “fi àdírẹ́sì tí ó yẹ sí i” kò tíì ṣàlàyé ohunkóhun.

Wàyí o, pe ajísààrì. Pa ráútà. Fi abẹ́rẹ́ tẹ ihò Reset, má ṣe gbé ọwọ́ kúrò, kí o sì tan iná. Máa tẹ̀ ẹ́ lọ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún sí mẹ́wàá, títí gílóòbù yóò fi yí ìṣe rẹ̀ padà. Lára ASUS, gílóòbù iná a bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú jẹ́jẹ́, ó yàtọ̀ sí bí ó ti ń yára tẹ́lẹ̀. Kíyè sí ìyàtọ̀ láàárín èyí àti Reset tí mo kọ́kọ́ sọ: níbẹ̀, iná ti wà lára ẹ̀rọ kí a tó tẹ ihò; níbí, a ti ń tẹ ihò kí iná tó dé.

Bí ó bá ti jí báyìí, oríṣi ráútà ni yóò sọ bí firmware yóò ṣe wọlé. Èyí tí ó rọrùn jù ni ti àwọn tí bootloader wọn ní ojú ewé kékeré tirẹ̀. Kọ 192.168.0.1 tàbí 192.168.1.1 síbi tí a ti ń kọ àdírẹ́sì ìkànnì, ojú ewé náà yóò yọ, wàá yan fáìlì rẹ, ó parí. Àwọn D-Link kan wà bẹ́ẹ̀. ASUS ní ètò tirẹ̀ tí a ń pè ní Firmware Restoration, tí a ó gbé sórí kọ̀ǹpútà ṣáájú. Àwọn yòókù ń lo TFTP.

TFTP kì í ṣe nǹkan tuntun. Karen Sollins ni ó kọ àlàyé rẹ̀ jáde ní oṣù Kẹfà ọdún 1981, a sì tún un ṣe ní ọdún 1992. Bí àpèkọ inú kíláàsì ni ó ṣe ń ṣiṣẹ́. Olùkọ́ ka gbólóhùn kan, ó dúró, ó gbọ́ “a ti kọ ọ́”, kí ó tó ka èkejì. TFTP náà ń gé fáìlì sí ègé báìtì 512, kò sì ní fi èyí tí ó tẹ̀ lé e ránṣẹ́ títí yóò fi gbọ́ pé ti ìṣáájú ti dé. Kò béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà, kò kí ẹnikẹ́ni, nítorí náà ó kéré tó kí ajísààrì lè mọ̀ ọ́n lò nínú yàrá rẹ̀ tí kò láyè. Ohun tí ó yẹ kí o mọ̀ ni ẹni tí ó ń pè àti ẹni tí ó ń kọ. Lára Netgear, kọ̀ǹpútà ni ó ń ti fáìlì wọ inú ráútà. Lára ọ̀pọ̀ TP-Link, ráútà ni ó ń wá fáìlì lórí kọ̀ǹpútà, nítorí náà o ní láti ṣí ètò bíi Tftpd64 sílẹ̀ dè é, kí o sì pa firewall kọ̀ǹpútà fún ìgbà díẹ̀ kí ó má baà lé àlejò náà padà. Orúkọ kan pàtó ni ráútà náà yóò sì béèrè. Archer C7 ẹ̀dà kejì, bí àpẹẹrẹ, a máa béèrè ArcherC7v2_tp_recovery.bin. Bí lẹ́tà kan bá yẹ̀ nínú orúkọ náà, kò ní gbà á.

Ibí yìí ni iṣẹ́ tiwa ti há. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni a tẹ Reset, ẹ̀ẹ̀mẹta ni fáìlì kò lọ. Aago mẹ́sàn-án ti lù, ọmọ náà kò sọ̀rọ̀ mọ́. Òun ni ó wá rí ìdí rẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni ajísààrì fi ń retí fáìlì kí ó tó pa ilẹ̀kùn dé. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà tí a bá pa ráútà tí a sì tún un tàn, kọ̀ǹpútà máa ń rò pé wáyà ti já. Kí ó tó tún mọ̀ ọ́n, àkókò ti kọjá. Ó bi mí bóyá mo ní switch, àpótí kékeré tí a fi ń so kọ̀ǹpútà púpọ̀ pọ̀. Mo ní ògbólógbòó kan nínú àpótí irin. A fi í sí àárín, wáyà kan láti kọ̀ǹpútà sí i, wáyà kejì láti inú rẹ̀ sí ráútà. Switch kò kú nígbà tí ráútà kú, nítorí náà kọ̀ǹpútà kò mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀. Ní ìgbà kẹrin, a rí i tí ègé fáìlì bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá lójú kọ̀ǹpútà.

Mo ti gbàgbé láti sọ ti iná, bẹ́ẹ̀ ó yẹ kí n ti sọ ọ́ ṣáájú. Má ṣe ṣe iṣẹ́ yìí lórí iná ìjọba. A gbé ráútà àti switch sórí inverter kékeré tí bátìrì rẹ̀ ti kún, kọ̀ǹpútà sì ń lo bátìrì inú ara rẹ̀. Bí mo bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ ní aago mẹ́rin, mi ò bá má ní ohun tí mo ń kọ yìí.

Bí fáìlì bá ti wọlé tán, má ṣe fọwọ́ kan ohunkóhun. Ajísààrì ṣì ń tò ó sí yàrá ńlá. Ó lè gba ìṣẹ́jú márùn-ún, ó lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ráútà yóò pa ara rẹ̀, yóò tún ara rẹ̀ tàn. Nígbà tí gílóòbù bá wá dúró gbọn-in, tún tẹ Reset fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá kí ètò àtijọ́ lè kúrò níbẹ̀, kí o yan ọ̀rọ̀ aṣínà tuntun, kí o sì tan firewall padà. Padà sí ibi tí o ti kọ àdírẹ́sì fún kọ̀ǹpútà, kí o jẹ́ kí ó tún máa gbà á lọ́wọ́ ráútà bíi ti tẹ́lẹ̀. Àìṣe èyí ni ó mú kí ẹlòmíràn rò pé ráútà rẹ̀ kò tíì jí, nígbà tí ó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ni kò mọ ilé mọ́.

Ní aago mọ́kànlá alẹ́ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, àwòrán ọmọ náà wọlé, nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ sì jáde. Ó kọ ọ́ sínú ìwé, ó tún fi fóònù ya àwòrán rẹ̀. Nígbà tí ó ń lọ, ó kúnlẹ̀ kí mi pé ó dàárọ̀, ó sì ní, “Bàbá Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ nǹkan kan mọ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́.”